Bí a ṣe ń ka oríta àti ọ̀nà tí kò já bí ìlú ṣe ń fẹ̀: láti Bẹẹrẹ dé Mọ́níyà

Ẹnì kan fẹ́ fi hàn pé àwọn àdúgbò tuntun tó yí Ìbàdàn ká kò já síra wọn bíi ti àárín ìlú. Ó gba máàpù ọ̀nà mọ́tò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí kọ̀ǹpútà bá òun ka oríta, èsì sì jáde pé Bẹẹrẹ, tó wà láàárín ìlú, kò sàn ju Mọ́níyà tó wà ní ẹ̀bá ìlú lọ. Ẹni tó bá mọ Bẹẹrẹ mọ̀ pé irọ́ ni. Àárín agboolé ni ọ̀nà ibẹ̀ wà, ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ sì lè gba ọ̀nà mẹ́rin márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dé Ọjà'ba. Kọ̀ǹpútà kò rí ìkankan nínú wọn torí pé mọ́tò ò lè gbabẹ̀. Lódìkejì ẹ̀wẹ̀, ẹ̀sítéètì tí ọ̀nà rẹ̀ já gaara lórí máàpù lè ní géètì mẹ́ta, kí méjì nínú wọn má sì ṣí láti ọdún dé ọdún.

Ẹgbẹ́ onílé, akẹ́kọ̀ọ́ ètò ìlú àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún. Ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn lè gbà kọjá ni kí ẹ kà, ẹ má ka ìlà tí wọ́n fà sórí máàpù lásán. Gbogbo ìpele tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ìyẹn ni wọ́n dúró lé.

Ohun tí ẹ nílò

- Kọ̀ǹpútà tí QGIS, ètò tí a fi ń ṣiṣẹ́ lórí máàpù, wà lórí rẹ̀ (ọ̀fẹ́ ni), pẹ̀lú plugin (àfikún inú rẹ̀) tó ń jẹ́ QuickOSM.
- Google Earth Pro, òun náà ọ̀fẹ́, fún àwòrán àtijọ́.
- Fóònù tó ní OsmAnd, áàpù máàpù, kó lè máa gba àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ bá rìn.
- Ìwé A3, bírò pupa àti búlúù.
- Ènìyàn méjì fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ àdúgbò náà.
- Àyè ọjọ́ kan fún ẹ̀sítéètì, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta fún àárín ìlú àtijọ́.

Kí ẹ tó rìn, ẹ kọ́kọ́ lọ rí mọ́gàjí agboolé àti alága ẹgbẹ́ onílé. Àlejò tó ń rìn káàkiri pẹ̀lú máàpù lọ́wọ́, nǹkan méjì ni wọ́n máa rò sí i: pé ó fẹ́ ta ilẹ̀, tàbí pé ìjọba fẹ́ wá wólé. Bí ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá ti tàn, kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé hàn yín mọ́.

1. Ẹ yan àdúgbò tí ẹ máa fi wé ara wọn

Ìlà kan tó jáde láti àárín ìlú lọ sí ìta ni kí ẹ mú. Fún Ìbàdàn, ìlà àríwá dára: Bẹẹrẹ, tó jẹ́ ìlú àtijọ́, Mọ́kọ́lá, Bódìjà, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1950, lẹ́yìn náà Mọ́níyà, tí ibùdókọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn wà báyìí. Lórí ìkọ̀ọ̀kan, ẹ fa àpótí kan tó jẹ́ kìlómítà kan níbùú àti lóòró. Ní QGIS, Vector, lẹ́yìn náà Research Tools, lẹ́yìn náà Create Grid ló ń ṣe é; ẹ yan Rectangle, kí ẹ sì fi 1000 sí ìbú àti òòró.

Kí ẹ tó fà á, ẹ yí ètò ìwọ̀n iṣẹ́ náà sí EPSG:32631, èyí tó ń fi mítà wọn ilẹ̀. Bí ẹ bá fi EPSG:4326 tí máàpù sábà ń bá wá sílẹ̀, dígírì ni kọ̀ǹpútà máa ka 1000 yẹn sí, àpótí á sì tóbi ju ayé lọ. EPSG:32631 náà bá Èkó, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Àkúrẹ́, Kutonu àti Lomé mu.

Ẹ má jẹ́ kí àpótí bọ́ sórí ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá. Lórí ìlà àríwá yìí, Yunifásítì Ìbàdàn wà, IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, náà wà lójú ọ̀nà Mọ́níyà pẹ̀lú ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 1,000. Bí ìdajì àpótí yín bá bọ́ sínú ọgbà wọn, ìdajì oríta ti lọ nìyẹn, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá ìlú tó ń fẹ̀ ló fà á tàbí ògiri ọgbà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi Measure Line wọn ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sún mọ́ mítà 1,000 pẹ́kípẹ́kí, ẹ padà lọ tún ètò ìwọ̀n ṣe.

2. Ẹ gba ìlà ọ̀nà sílẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé

Ẹ ṣí QuickOSM, ẹ kọ highway sí ojú Key, ẹ fi ojú Value sílẹ̀ lófìfo, ẹ yan Canvas Extent, kí ẹ sì tẹ Run query. Bí ẹ bá fi ojú Value sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ọ̀nà tó bá wà ní OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ tí àwọn ènìyàn ń fọwọ́ ara wọn yà, á jáde, àti ti mọ́tò àti ti ẹlẹ́sẹ̀.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí A3 ní ìwọ̀n 1:4,000. Àpótí kìlómítà kan á gba sẹ̀ǹtímítà 25, tó wọ A3 dáadáa. Bẹẹrẹ kò ní ṣeé kà ní ìwọ̀n yẹn. Ẹ gé e sí mẹ́rin, kí ẹ tẹ ìkọ̀ọ̀kan ní 1:2,000, kí àwòrán sátẹ́láìtì wà lábẹ́ ìlà kí ẹ lè rí òrùlé àti àyè tó wà láàárín ilé.

3. Ẹ rìn ín

Ìpele tí ọ̀pọ̀ ń fò kọjá nìyí, níbí náà sì ni iṣẹ́ wọn ti ń bàjẹ́. Bírò búlúù fún ọ̀nà tí ẹ rí tí kò sí lórí máàpù, pupa fún ọ̀nà tó wà lórí máàpù tí ẹ kò lè gbà kọjá.

Ní ìlú àtijọ́, ẹ wá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Òfin tí mo dábàá rèé: bí àlejò bá lè gbabẹ̀ kọjá lọ́sàn-án láì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tó sì máa já sí ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà ni, ìbáà má ju ibi tí ènìyàn méjì ti lè yà fún ara wọn lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu yàrá ẹnì kan ló parí sí, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má fi ojú lásán pinnu. Ọ̀nà tó dà bíi pé ó parí sí ìdí kànga sábà máa ń yà lẹ́yìn ilé ìdáná, kó wá já sí títì kejì. Ẹ bi ìyá tó ń tajà lójúde léèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo ni ibí já sí?” Òun ló mọ̀.

Ní ẹ̀sítéètì, ẹ wá géètì. Ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ìkọ̀ọ̀kan: ṣé ó ń ṣí, aago mélòó ló ń tì, ṣé ilẹ̀kùn kékeré ẹlẹ́sẹ̀ wà lára rẹ̀. Géètì tí ilẹ̀kùn ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ wà ní ṣíṣí lọ́sàn-án, ọ̀nà ni. Èyí tí wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ dè, tí kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún ti dípẹtà, ọ̀nà tí kò já ni ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ohun yòówù kí máàpù sọ. Àwọn tí wọ́n ń tì lálẹ́ nìkan, ẹ fi àmì A sí i, torí pé ó yẹ kí ẹ ka iye náà lẹ́ẹ̀mejì, ti ọ̀sán lọ́tọ̀, ti òru lọ́tọ̀. Ní àdúgbò tuntun púpọ̀, ìyàtọ̀ méjèèjì máa ń tóbi débi pé iye ọ̀sán nìkan kò lè sọ òtítọ́ ibẹ̀.

Omi náà ńkọ́? Ògùnpa, Kúdẹtì àti àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn sínú wọn ló gé ìlú sí wẹ́wẹ́. Pákó tí wọ́n tẹ́ lórí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè má sí níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: “ẹ̀ẹ̀rùn nìkan.” Ẹ má kà á mọ́ ọ̀nà àfi tó bá ṣeé gbà yípo ọdún.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbé àkọsílẹ̀ OsmAnd sórí QGIS, kí ẹ wo ibi tí ẹ kò tẹ̀ dé. Gbogbo ìlà tó wà nínú àpótí gbọ́dọ̀ ní ipa ẹsẹ̀ yín lórí tàbí àmì pupa. Bí àyè tó fẹ̀ ju 100 mítà bá ṣófo láàárín ilé, ẹ padà lọ.

4. Ẹ fi àmì sí oríta kọ̀ọ̀kan

Ẹ kọ́kọ́ tún ìlà orí kọ̀ǹpútà ṣe bí bírò yín ṣe sọ. Lẹ́yìn náà, Layer, Create Layer, New GeoPackage Layer. Ẹ yan Point, kí ẹ fi ojú kan tó ń jẹ́ “ẹsẹ̀” sí i tó ń gba nọ́ńbà. Ẹ lọ láti oríta dé oríta, ẹ fi àmì síbẹ̀, kí ẹ sì kọ iye ọ̀nà tó pàdé: 3 fún oríta mẹ́ta, 4 fún oríta mẹ́rin, 1 fún ibi tí ọ̀nà pin sí. Ibi tí ọ̀nà kàn ti ṣẹ́ kọ́nà kò gba àmì kankan.

Ẹ lè ní kí kọ̀ǹpútà ṣe é fún yín. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe é fún àpótí mẹ́rin yìí, nítorí àwọn ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń ṣìnà nìyí:

Fláìófà Mọ́kọ́lá gba orí títì mìíràn kọjá. Lórí máàpù, ìlà méjèèjì gé ara wọn, bí ẹ bá sì lo Split with lines, oríta mẹ́rin á yọ jáde níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè yà. Títì tí kọnkéré là láàárín, ìlà méjì ni wọ́n fi ń yà á, nítorí náà ibi tí òpópónà bẹ́ẹ̀ méjì bá ti pàdé, oríta kan ṣoṣo á di mẹ́rin. Ráńdábáòtù náà, oríta kan ni. Iye ọ̀nà tó bọ́ sínú rẹ̀ ni nọ́ńbà rẹ̀. Bí oríta mẹ́ta méjì bá kọjú síra wọn lórí títì kan náà tí wọn kò jìnnà ju mítà 15 lọ, ẹ kà wọ́n sí oríta mẹ́rin kan. Ẹni tó fẹ́ sọdá títì kò mọ ìyàtọ̀.

Àṣìṣe tó burú jù wà ní etí àpótí. Ọ̀nà tí ìlà àpótí gé kì í ṣe ọ̀nà tí kò já. Ó ṣì ń lọ níta. Bí ẹ bá fi 1 sí ibẹ̀, ẹ ó ti fi nǹkan bíi ogún tàbí ọgbọ̀n ọ̀nà tí kò já kún iṣẹ́ yín láì sí ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí ẹnì kejì ka igun kan tó jẹ́ mítà 250 níbùú lóòró láì wo ti ẹni àkọ́kọ́. Bí iye méjèèjì bá fi ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ síra, ẹ jókòó, ẹ fẹnu kò lórí òfin, kí ẹ tún un kà.

5. Ẹ ṣe ìṣirò

Ká mú àpẹẹrẹ tí kì í ṣe ti àdúgbò kankan. Nínú àpótí A, ọ̀nà tí kò já jẹ́ 40, oríta mẹ́ta 60, oríta mẹ́rin 10. Nínú àpótí B, 15, 90 àti 35.

Àkọ́kọ́, iye oríta nínú kìlómítà kan níbùú lóòró. Ọ̀nà tí kò já kò sí nínú rẹ̀. A ní 70, B ní 125. UN-Habitat, àjọ UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlú, dábàá oríta 80 sí 100, pẹ̀lú kìlómítà 18 ọ̀nà, nínú àyè bẹ́ẹ̀.

Èkejì, ìdá ọ̀nà tí kò já nínú gbogbo àmì. A: 40 nínú 110, ìyẹn ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún. B: 15 nínú 140, ìdá 11.

Ẹ̀kẹta, iye ìlà ọ̀nà fún àmì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ro gbogbo nọ́ńbà tó wà lójú “ẹsẹ̀” pọ̀, ẹ pín in sí méjì, torí pé ìlà kọ̀ọ̀kan ní orí méjì. Iye ìlà nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi iye àmì pín in. A: 40 + 180 + 40 jẹ́ 260, ìlà 130, 130 pín sí 110 jẹ́ 1.18. B: 15 + 270 + 140 jẹ́ 425, ìlà 212.5, ó di 1.52. (Ìdajì ìlà yẹn wá láti ara àwọn tó jáde ní etí àpótí, ẹ má dà á láàmú.) Bí ọ̀nà bá kàn ń ya bí ẹ̀ka igi tí kò sì sí ibi tó ti yí po pàdé ara rẹ̀, iye yìí kì í tó 1. Bí gbogbo oríta bá jẹ́ mẹ́rin gígún, ó ń sún mọ́ 2.

Ẹ má ṣe gbé iye àkọ́kọ́ jáde láìsí èkejì. Gbogbo kọ́nà kúkúrú tó yà kúrò lára títì tó sì parí sí ògiri ń fi oríta kan kún un. Ẹ̀sítéètì lè kún fún irú rẹ̀ kó sì ní oríta 100, síbẹ̀ kí ẹni tó ń gbé níbẹ̀ má lè dé ilé aládùúgbò ẹ̀yìn rẹ̀ láìjẹ́ pé ó jáde sí títì ńlá.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹsẹ̀ ṣe ń yí po tó. Ẹ fi àmì sí gbogbo mítà 250 nínú àpótí, ẹ mú méjì-méjì mẹ́wàá tó jìnnà síra tó mítà 300 sí 500 ní gbọnrangandan, kí ẹ wọn ọ̀nà ẹsẹ̀ láàárín wọn, kí ẹ fi ti gbọnrangandan pín in. Ẹ yan wọn kí ẹ tó tan ìlà ọ̀nà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú yín á máa yan èyí tó rọrùn. Níbi tí ọ̀nà ti gún ní oríta mẹ́rin délẹ̀, nǹkan bíi 1.27 ló máa ń jẹ́. Bí ó bá ju 1.8 lọ, lójú tèmi, àdúgbò náà ti ń gba àkókò àti owó ọ̀kadà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí èkejì bá ga tí ẹ̀kẹta náà tún ga, àṣìṣe lè wà níbì kan. Ìdá ọ̀nà tí kò já àti iye ìlà fún àmì kọ̀ọ̀kan kì í sábà gòkè pọ̀.

6. Ẹ ya ti àtijọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára tuntun

Ẹ fi ojú “ọdún” kún àwọn àmì yín. Lórí Google Earth Pro, ẹ ṣí àwòrán àtijọ́, ẹ fà á sẹ́yìn, kí ẹ wá ọdún àkọ́kọ́ tí ọ̀nà náà hàn. Ọdún géérégé kò pọn dandan. Ìsọ̀rí mẹ́ta tó: ṣáájú 2005, 2005 sí 2015, lẹ́yìn 2015. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ìṣirò ìpele karùn-ún ṣe fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ tó wà lára ìlà OpenStreetMap kọ́ ni kí ẹ lò o. Ọdún 2004 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ẹnì kan fa ìlà sì ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Tí ẹ bá lò ó, á dà bíi pé Bẹẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé.

Ìdí tí a fi ń yà wọ́n ni pé àròpọ̀ ìlú máa ń bo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀nà tí a bá ti là kì í ṣí nípò, ilé á wó, wọ́n á tún un kọ́, ọ̀nà á sì wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí méjì, Barrington-Leigh àti Millard-Ball, tò ó ní ọdún-ọdún nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2015, wọ́n sì rí i pé títí di nǹkan bí ọdún 1994 ni ọ̀nà tuntun ń já síra wọn dín sí i, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ẹni tó bá wo àròpọ̀ nìkan kò ní tètè rí ìyípadà yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìlú fúnra rẹ̀ ṣe fẹ̀, GHSL (Global Human Settlement Layer) ti Àjọ Yúróòpù ní àwòrán ilẹ̀ tí ilé bò láti 1975, ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ẹ lò ó fún ilẹ̀, ẹ má lò ó fún iye ènìyàn inú àdúgbò. Ìkànìyàn tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà ti 2006 ni, iye ènìyàn tí wọ́n pín sórí máàpù lẹ́yìn ìgbà náà sì ń tẹ̀lé ibi tí ilé wà. Ẹni tó bá fi wọ́n wé ara wọn kàn ń fi ilé wé ilé ni.

7. Ẹ wá ibi tó yẹ kí ọ̀nà já

Ní ẹ̀bá ìlú, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ léraléra. Ìdílé kan gba sàfíyọ̀, wọ́n gé ilẹ̀ wọn sí plọ́ọ̀tì, wọ́n la ọ̀nà láti títì wọlé títí dé ààlà, ó parí síbẹ̀. Ìdílé kejì ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìhà kejì. Ọ̀nà méjì tí kò já wá kọjú síra wọn, ògiri tàbí plọ́ọ̀tì kan ló wà láàárín. Plọ́ọ̀tì 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120 jẹ́ nǹkan bíi mítà 18 sí 36. Nítorí náà, ẹ wá gbogbo àmì 1 méjì tí kò jìnnà síra ju mítà 40 lọ. Wọ́n ni ẹ kọ́kọ́ máa ṣiṣẹ́ lé. Ẹ tún wo títì tó bá ju plọ́ọ̀tì mẹ́wàá, ìyẹn mítà 180, tí kò ní ibi tí ènìyàn lè yà sí.

Fún ìkọ̀ọ̀kan, ẹ wọn mítà tí ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn nísinsìnyí láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, kí ẹ yọ èyí tó máa rìn bí ó bá já. Ẹ tò wọ́n láti orí èyí tó dín rírìn kù jù lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bèèrè ohun tó wà láàárín: ògiri lásán ló rọrùn jù, ilẹ̀kùn ẹlẹ́sẹ̀ mítà kan àbọ̀ sì tó, plọ́ọ̀tì tí wọn kò tíì kọ́lé sí, ẹ yára, torí pé bí fáńdéṣọ̀n bá ti wà nílẹ̀, ó ti bọ́, odò nílò afárá, ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ kí ẹ tó lọ sí ìpàdé onílé. Bí ọ̀nà méjì tí kò já bá já síra wọn, àmì 1 méjì parẹ́ pátápátá. Bí àpótí A bá ṣe irú rẹ̀ márùn-ún, 40 á di 30, ìlà á di 125, àmì 100, iye kẹta á gòkè láti 1.18 sí 1.25. Bí ọ̀nà tí kò já bá já sí àárín títì mìíràn, àmì 1 kan parẹ́, oríta mẹ́ta kan sì wọlé dípò rẹ̀, nítorí náà iye àkọ́kọ́ náà máa gòkè.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí ọ̀nà náà, ẹ padà lọ rìn ín lọ́sàn-án àti lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí ní ìgbà méjèèjì, ẹ yí nọ́ńbà padà lórí máàpù. Bí ó bá wà ní títì lóru, ti ọ̀sán nìkan ni kí ẹ yí, kí ẹ sì fi àmì A ti ìpele kẹta sí i.